Ọjà Apòmù àti Ọjọ́ Kan ní Havana: Bí Àwọn Ará Ọjà Ṣe Di Lùkùmí

Bí a bá ń sọ ìtàn bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe dàrú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ààfin ni ojú sábà máa ń lọ. A ó gbọ́ nípa èpè tí Aláàfin Aólẹ̀ ṣẹ́, nípa ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin, nípa Olówu, àti nípa àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú tí ìbọn ti wà lọ́wọ́ wọn. Apòmù kì í ju orúkọ kan tí a dá kọjá nínú ìtàn náà lọ. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jà Apòmù kó ọ̀pọ̀ ìlú sínú wàhálà. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí wàhálà náà gbé lọ ni ó dúró sí ilẹ̀ yìí. Wọ́n ta púpọ̀ nínú wọn kọjá òkun, àwọn kan sì gúnlẹ̀ sí Havana, ìlú olódi ní etíkun Kúbà, ní agbègbè Kàríbíánì. Ní ìlú náà, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní lọ́dún láti rìn káàkiri ìgboro pẹ̀lú ìlù àti àsíá, láìsí pé ẹnikẹ́ni dá wọn dúró. Ohun tí ó so ọjọ́ ọjà Apòmù mọ́ ọjọ́ Havana ni àpilẹ̀kọ yìí ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀.

Ìkirè àti Apòmù jẹ́ ìlú méjì tí kò jìnnà sí ara wọn rárá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn bọ̀ yóò kọjá odò Ọ̀ṣun ní Àṣèjirè, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi wọ Ìkirè. Akirè ni ọba Ìkirè, Alápòmù ni ọba Apòmù. Dòdò Ìkirè ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ àdúgbò náà lónìí, ìyẹn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá ààlà, tí wọ́n gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n sì dín títí tí ó fi dúdú. Àwọn tí ń dúró rà á lójú títì ń ṣe ohun tí àwọn àlejò ti ń ṣe níbẹ̀ láti ìgbà pípẹ́: wọ́n dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ná ọjà, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ.

Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, Apòmù ni ọjà tí àwọn ará òkè ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú. Ilẹ̀ Ifẹ̀ ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n ó bá ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ti Òwu àti ti Ìjẹ̀bú pààlà. Àǹfààní ọjà náà nìyẹn, ewu rẹ̀ náà sì nìyẹn. Ìjẹ̀bú ló sún mọ́ ọ̀sà, ọwọ́ wọn sì ni ẹrù etíkun ń gbà wọ inú ilẹ̀. Ará Ọ̀yọ́ ti ọ̀nà jíjìn wá. Kò sí ọba kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó gbogbo àwọn tí ó pàtẹ síbẹ̀. Ohun tí ó ń dáàbò bo àlejò ni àdéhùn pé ẹni tí ó bá wá ná ọjà gbọ́dọ̀ padà sílé ní àlàáfíà.

Johnson sọ pé àdéhùn náà ti ń bàjẹ́. Jíjí ènìyàn gbé gbilẹ̀ ní Apòmù, àwọn ará Ọ̀yọ́ ni ó sì ń kó sí i jù nítorí pé àwọn ni ilé wọn jìnnà jù. Ó yẹ kí a rántí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ o. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Johnson, ojú Ọ̀yọ́ ni ó sì fi wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Bí ó bá ṣe pé ọmọ Ifẹ̀ tàbí ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó kọ ìwé náà, bóyá àwọn tí a jí gbé kì bá tí jẹ́ ti ìhà kan ṣoṣo báyìí. Ṣùgbọ́n ìtàn tí Johnson fúnra rẹ̀ sọ tẹ̀ lé e kò gbè lẹ́yìn Ọ̀yọ́, ìdí nìyẹn tí ó fi ṣeé gbára lé ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ.

Kí Aólẹ̀ tó jọba, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọmọ ọba tí ń ṣòwò ni. Ó lọ sí Apòmù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó tún jẹ́ ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ta ọ̀rẹ́ náà. Àṣẹ ti wà nílẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Aláàfin àti Ọọ̀ni pé kí àwọn aláṣẹ àdúgbò náà fi òpin sí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ Apòmù mú àṣẹ ṣẹ. Ó gba ọkùnrin tí wọ́n tà náà padà kí ó tó kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó, ó sì ní kí wọ́n na ọmọ ọba náà lẹ́gba.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sórí ìdájọ́ yìí. Baálẹ̀ ìlú kékeré kan tí ó wà lábẹ́ Ifẹ̀ fi ìyà jẹ ọmọ ọba Ọ̀yọ́ nítorí ará Ọ̀yọ́ mìíràn. Kò sí ọmọ Apòmù kankan nínú ẹjọ́ náà. Ohun tí Baálẹ̀ ń gbèjà ni ọjà fúnra rẹ̀. Bí àlejò bá lè sun àlejò ẹgbẹ́ rẹ̀ tà níbẹ̀, ọjà tú nìyẹn. Àwọn méjèèjì, ẹni tí ó ṣẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, mọ òfin tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà. Johnson kò sọ pé Aólẹ̀ jiyàn pé Baálẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a lẹ́jọ́. Ó kàn gbé ẹ̀tanú náà sínú ni.

Nígbà tí ó gorí oyè, wọ́n bi í gẹ́gẹ́ bí àṣà pé ta ni ó fẹ́ kí ogun lọ bá. Apòmù ni ó dárúkọ. Baálẹ̀ náà sá tọ Ọọ̀ni lọ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè fa ogun bá àwọn ènìyàn rẹ̀, ó pa ara rẹ̀, wọ́n sì gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu Aláàfin lójú. Lẹ́yìn èyí ni Aláàfin wá ìbòmíràn tí ogun yóò lọ, Ìwéré-Ilé ni wọ́n sì darí ogun sí. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ti kẹ̀yìn sí i. Ìyókù ọ̀rọ̀ Aólẹ̀ ti di àwítúnwí nínú ìwé. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ náà pa ni aláṣẹ ọjà kan tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́.

Lẹ́yìn ikú Baálẹ̀ yìí, kò yani lẹ́nu pé gbígbé ènìyàn kò dáwọ́ dúró. Ní àwọn ọdún 1810 sí 1820, nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ti ń yọ́, Oníkòyí Adégùn àti Tóyèjẹ tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kí ó bá wọn fòpin sí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ará Ọ̀yọ́ ní Apòmù. Olówu gba iṣẹ́ náà, ó sì fi agbára ṣe é. Òwu kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ tí ó wà nítòsí, Apòmù sì wà nínú wọn. Nígbà tí Ifẹ̀ gbógun dìde láti gbẹ̀san, Òwu ṣẹ́gun wọn. Àṣẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáàbòbò ará ọjà ti wá di ogun tí ó kó àwọn ará ọjà lẹ́rú. Bí Olówu ṣe lè dáàbò bo ọjà kan nípa fífọ́ ìlú tí ọjà náà wà kò yé ènìyàn.

Ọjà kì í pẹ́ kí ó tó tún gbérí, nítorí náà a tún rí Ìjẹ̀bú àti Òwu ní Apòmù lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí wọ́n ń ta tí wọ́n ń rà. Ataare ni ó dá ìjà sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àríyànjiyàn lórí ìpàtẹ ataare di ìjà, ìjà di ogun. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ pa ọwọ́ pọ̀, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì sàga ti ìlú Òwu. Idà ni Òwu gbójú lé. Ìbọn ni Ìjẹ̀bú gbé wá, ogun yìí ni àwọn òpìtàn sì máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí ìbọn ti kọ́kọ́ kó ipa pàtàkì láàárín Yorùbá. Akin Mabogunje àti John Omer-Cooper ṣe ìwádìí lórí ogun náà nínú ìwé wọn ti 1971, Robin Law sì tún ọjọ́ rẹ̀ yẹ̀ wò ní 1973. Ẹnu wọn kò kò lórí ọdún tí Òwu fọ́ gan-an, ṣùgbọ́n àárín 1820 sí 1825 ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Àwọn ènìyàn a máa fi ataare náà ṣe ẹ̀rín, pé ohun tí kò tó nǹkan ni ó fọ́ ìlú ńlá. Ìyẹn kò tọ̀nà. Ataare kò lè fọ́ ìlú tí àdéhùn bá ṣì wà. Ní ìgbà Baálẹ̀ tí ó na Aólẹ̀, ẹnì kan wà tí àwọn oníjà lè gbé ẹjọ́ wọn lọ bá, tí yóò sì dá a kí ilẹ̀ ọjọ́ ọjà náà tó ṣú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ataare dé, ìlú náà ti jìyà ogun Òwu, àwọn aláṣẹ rẹ̀ kò sì ní ọ̀wọ̀ tí ó lè pa Ìjẹ̀bú àti Òwu lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn Òwu, ogun náà kọjá sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá. Láàárín ọdún díẹ̀, Ìbàdàn ti di ibùdó ọmọ ogun ní nǹkan bí 1829, àwọn Ẹ̀gbá sì tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Àwọn Òwu tí ogun fọ́n ká bá wọn níbẹ̀ ní 1834. Ìkirè àti Apòmù bọ́ sábẹ́ agbára Ìbàdàn.

Ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó nínú ogun wọ̀nyí gbà dé ọ̀sà, láti ibẹ̀ dé Èkó. Àkókò tí ó burú jù ni wọ́n dé etíkun. Láti ìgbà tí àwọn ẹrú ti dìde ní Haiti ní 1791 tí oko ìrèké ibẹ̀ sì bàjẹ́, Kúbà ni ó gba ọjà ṣúgà, ebi ọwọ́ òṣìṣẹ́ sì ń pa á. Spéìn bá Bìrìtìkó ṣe àdéhùn ní 1817 pé òun yóò fi òwò náà sílẹ̀ láti 1820, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ni àdéhùn náà wà. Ní gbogbo ìgbà òwò ẹrú, a fojú bù ú pé nǹkan bí 780,000 ènìyàn ni wọ́n kó láti Áfíríkà gúnlẹ̀ sí Kúbà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ lẹ́yìn 1790.

Àdéhùn 1817 náà bí ohun kan tí òpìtàn kò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ àjùmọ̀ni Spéìn àti Bìrìtìkó wà ní Havana, tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n bá mú lójú òkun. Bí ó bá dá ọkọ̀ kan lẹ́bi, akọ̀wé a kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ tí wọ́n gbé wá láti ilé, orúkọ tuntun tí wọ́n fún wọn, ọjọ́ orí, ìran, àti àmì ara. Henry Lovejoy ti ṣe ìwádìí lórí àkọsílẹ̀ náà láti 1824 dé 1841. Ó lé ní 10,000 ènìyàn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n pè wọ́n ní òmìnira, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi wọ́n sábẹ́ ọ̀gá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọ̀wé tí kò gbọ́ èdè ni ó kọ orúkọ wọ̀nyí, láìsí àmì ohùn. Iṣẹ́ kíkà wọn jẹ́ ti ẹni tí ó mọ orúkọ àmútọ̀runwá, tí ó mọ àbísọ, tí ó sì mọ ilà ojú. Ọgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọnà àti àṣà ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìkirè gan-an, nítorí náà ìlú tí ọ̀rọ̀ kàn kò jìnnà sí iṣẹ́ náà.

Lùkùmí ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Kúbà. Nígbà mìíràn wọ́n a fi orúkọ mìíràn kún un: Lucumí Elló fún Ọ̀yọ́, Lucumí Llabú fún Ìjẹ̀bú. Kò sí Lucumí Apòmù, nítorí pé akọ̀wé a máa kọ orúkọ ilẹ̀ ọba ńlá. Ẹni tí wọ́n jí gbé ní ìpàtẹ rẹ̀ lọ́jà ilẹ̀ Ifẹ̀, tí Ìjẹ̀bú rà, tí ó sì ń sọ èdè Ọ̀yọ́, lábẹ́ orúkọ wo ni wọn ì bá kọ ọ́ sí? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó wà lọ́kàn ẹni tí ń ka iye àwọn ìran nínú àkọsílẹ̀ Havana.

Ní Havana, àwọn ará Áfíríkà ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìran wọn. Cabildo ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọba àti ayaba, ó ní àsíá, ó ń sin òkú, ó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì ń dá owó jọ láti ra ẹgbẹ́ rẹ̀ sí òmìnira. Ní 1792, gómìnà Luis de las Casas pàṣẹ pé kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí jáde kúrò nínú odi, kí wọ́n lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Odi náà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ní 1674, yí ìlú ká, ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì ń tì lálẹ́.

Ọjọ́ kan ni ó yàtọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí àwọn Kátólíìkì fi ń rántí àwọn Amòye mẹ́ta tí wọ́n lọ kí Jésù, àwọn cabildo a wọ inú odi láti òwúrọ̀. Ìran kọ̀ọ̀kan a tẹ̀ lé àsíá rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti aṣọ àrà. Wọ́n a gba òpópónà tóóró já sí gbàgede Plaza de Armas níwájú ààfin gómìnà, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ẹ̀bùn. Wọ́n a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn olówó, wọ́n a ṣe eré, wọ́n a gba owó. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó parí. Ayàwòrán Mialhe ya ọjọ́ náà sínú àwòrán, Fernando Ortiz sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Àwọn arìnrìn-àjò aláwọ̀ funfun tí ó rí i sábà máa ń pè é ní ariwo. Ojú wọn kò gba ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ẹrú ní àná ń rìn láàárín ìgboro tí ó ti ń ru ẹrù, ó ń fi ọgbọ́n gba owó tí yóò wúlò fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì wà lábẹ́ ọba tirẹ̀.

Òǹkọ̀wé ará Sweden, Fredrika Bremer, ṣe ju àwọn yòókù lọ. Ní 1851 ó wọ inú ilé àwọn cabildo ní Havana, ó sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ Lùkùmí kan sílẹ̀, tí ó wà lábẹ́ Santa Bárbara. Santa Bárbara ni wọ́n fi ń bo Ṣàngó. Ẹ̀rí tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú ọ̀rọ̀ Juan Nepomuceno Prieto, sójà ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ Lùkùmí ní Havana fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 1835. Ní ọdún náà àwọn Lùkùmí kan dìde ogun ní ẹ̀yìn odi ìlú, ìjọba sì mú Prieto. Ìwé àti ohun ìsìn tí wọ́n bá nílé rẹ̀ ni Lovejoy fi kọ ìwé rẹ̀ ti 2018.

Ó rọrùn láti sọ pé ní Havana ni Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Òwu àti Ifẹ̀ ti kọ́kọ́ di ọ̀kan. Irú èrò bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀. J. D. Y. Peel fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 2000 bí iṣẹ́ ìjọ Kírísítì ṣe kó ipa nínú dídá orúkọ Yorùbá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbo wa, J. Lorand Matory tọ́ka sí àwọn tí ń rìn láàárín Èkó àti Bùràsíìlì. Òótọ́ ni pé Ọ̀yọ́ nìkan ni orúkọ náà ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀tọ̀, ìbáṣepọ̀ ọ̀tọ̀. Kí àwọn wọ̀nyí tó dé inú ọkọ̀, wọ́n ti ń ná ọjà kan náà. Wọ́n ń ka owó ẹyọ ní ogójì-ogójì àti ní igba-igba. Wọ́n gbọ́ ara wọn débi pé wọ́n lè bú ara wọn lórí ataare. Ará Ọ̀yọ́ mọ̀ pé òun lè gba ìdájọ́ lọ́wọ́ Baálẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní láti kọ́ wọn ní èyí ní Havana.

Kì í ṣe pé ìfẹ́ gbilẹ̀ láàárín wọn. Apòmù fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ ni ó lè tà ọ́. Àwọn Lùkùmí ní Kúbà náà kò fi gbogbo ìgbà wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n pín sí cabildo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí wọ́n gbé kọjá òkun ni òye bí àjèjì ṣe ń bá àjèjì gbé lábẹ́ àdéhùn fún ọjọ́ kan, pẹ̀lú ẹni tí yóò dá ẹjọ́ bí ìjà bá dé. Cabildo tí ó ní ọba, àpò owó àti òfin kò jìnnà sí ohun tí Baálẹ̀ Apòmù gbìyànjú láti gbà là.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó odi Havana ní 1863. Lẹ́yìn 1884, ìjọba kò gba àwọn cabildo láàyè mọ́ láti jáde ní ọjọ́ kẹfà oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án 1886, wọ́n kéde àdéhùn àlàáfíà lójú ogun Kírìjí, ogun tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ogun tí ọ̀rọ̀ Apòmù ti ṣí ìlẹ̀kùn fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgọ́ kò tú títí di 1893. Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá 1886, àṣẹ láti Spéìn fi òpin sí ìyókù oko ẹrú ní Kúbà.